Orúkọ Tí Mo Bá Fẹ́kọ́mi Kọ

Bàbá Káyọ̀dé, Adéríbigbé ọkọ mi, òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí ẹ ti fi èmi Cecilia yín sílẹ̀ ní Ìgàndó yìí. Mo kí yín o. Àga yín nìyẹn lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo ti sọ fún àwọn tó ń to àga pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n Tísà Goodluck ti gbé fìlà lé e. Tísà Goodluck, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fìlà yín kúrò lórí ọkọ mi.

Alága, ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ kí ẹni tí kò sí níbí kí n tó kí ẹni tó wà níbí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kí i láàárọ̀ kí n tó kí ẹlòmíì. Ẹnu mi ò tíì gbọ́ pé ó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá kí ilé bó ṣe yẹ.

Alhájà Fàdìlàt, ọ̀gá ilé ìwé wa, alága ètò òní, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tí ẹ ti jókòó láti aago mọ́kànlá tí ìwé ìpè wí, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ dé ní aago kan, ẹ káàbọ̀, a ti jẹ ìpápánu tán. Ẹ̀yin ará ìjọ Aládùúrà láti Command, tí aṣọ funfun yín mú kí abẹ́ kánópì yìí mọ́lẹ̀ ju iná ìjọba lọ, àlàáfíà fún yín. Lọ́yà Ọláyẹmí, o ṣeun tó o wá. Káyọ̀dé ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sókè dáadáa kó o ká ohùn mi sílẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí lọ́yà nílò rẹ̀. Ìyá Testimony, Mary ọmọ mi, ìyàwó Fẹ́kọ́mi, mo rí ọ lẹ́yìn pátápátá níbẹ̀ yẹn. Jọ̀ọ́, bọ́ síwájú. Mo ní bọ́ síwájú. Lọ́yà, fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́, torí pé àwọn tó ni kánópì fẹ́ gbé e lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá ní aago mẹ́rin. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ tísà, mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ ní ọgbà yìí, ẹ sì ní kí n fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é. Kò burú. Ṣebí èmi náà ti sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ rí pé kí wọ́n fi gbólóhùn mẹ́wàá sọ ìtàn ayé wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìwé yìí, ẹrọ̀fọ̀ ló wà lójú ọ̀nà. Àwa tísà máa ń kó bàtà sínú ọ̀rá láti Ìkòtùn, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn dé géètì, ibẹ̀ la ti ń fọ ẹsẹ̀ kí a tó di ọ̀gá. Àwọn ọmọ mọ ẹsẹ̀ wa ju orúkọ wa lọ. Ọmọ kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Tísà wa ni èyí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀." Èmi ni. Kò tíì kan ilẹ̀ títí di òní.

Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Alhájà, ẹ̀yin lẹ fi owó ara yín ra ṣọ́ọ̀kì fún odidi táàmù kan, tí ẹ ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ọ́. Tísà Goodluck, ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣírò iye ìgbà tí ẹ pẹ́ dé. Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbá ọgbà, ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi wá gíláàsì ojú mi nígbà tó bá wà lórí imú mi. Ibo ni mo ti tún fẹ́ rí irú yín?

Ọkọ mi gan-an, tísà ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ti fẹ̀yìn tì. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba kíláàsì ló ra páálí báírò kan fún mi, aláwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Báírò pupa máa ń dẹ́rù ba ọmọ. Bí ó bá rí àwọ̀ ewé, á rò pé iṣẹ́ òun ń hù ni." Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi àwọ̀ míì máàkì iṣẹ́ ọmọ rí. Gbogbo Ìgàndó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo àwọn òbí tó ń mi orí, àwọn náà fara gbọgbẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Ẹ rántí báírò yẹn o. Mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Wọ́n ní ẹni tó bá ń fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké. Mo máa ń sùn níbi ìpàdé. Mo máa ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọ tó bá ń jẹun ní kíláàsì, ẹ̀pà náà kì í sì í padà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kì í ṣe kékeré, òun ni mo torí ẹ̀ dìde dúró lónìí.

Ẹ̀yin àlejò, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwé kan máa ń wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ síbẹ̀ lójoojúmọ́: orúkọ, aago tó dé, aago tó lọ. Táìmù búùkù là ń pè é. Ìwé yẹn ò láàánú. Bó o bá ń sáré bọ̀ láti Shasha tí aago méje àbọ̀ kọjá, ọ̀gá á fa ìlà, ẹni tó bá bọ́ sábẹ́ ìlà ti gba kúẹ̀rì. Kí wá ni tísà máa ń ṣe? Tísà máa ń ní ọ̀rẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ náà. Nítòsí ni mo ń gbé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé. Ibà ń ṣe ọmọ ẹnì kan, mo bá a kọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ já ẹlòmíì kulẹ̀, mo bá a kọ ọ́, báírò búlúù tó so mọ́ tábìlì ni mo máa ń lò kí ọ̀gá má baà fura. Tísà Goodluck, ta ló kọ orúkọ yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó yín bímọ? Ẹ má wo òkè kánópì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kódà, kí n má baà máa padà wá, mo máa ń kọ aago tí èèyàn dé àti aago tó lọ pọ̀ láàárọ̀ kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo máa ń kọ aago tí èèyàn kúrò níbi iṣẹ́ nígbà tí olúwa rẹ̀ ṣì ń fọ eyín nílé!

Ẹ̀yin tí mo bá kọ orúkọ rí, ẹ na ọwọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ó dáa... ó dáa, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti tó. Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bojú wẹ̀yìn.

Oore ni mo pè é. Àbí kí lẹ máa pe ẹni tó ń dáàbò bo ọ̀rẹ́?

Fẹ́kọ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ géètì wa ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọmọ Oǹdó ni, Aládùúrà ni, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ìka àtàǹpàkò ló ń tẹ̀ sínú ìwé. Mo ní, "Fẹ́kọ́mi, ṣé wàá máa tẹ̀ka bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́ ni?" Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́ mi." Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ní àkókò ìsinmi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí mo ṣe ń di ọwọ́ ọmọ kíláàsì kìíní mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ F rẹ̀ bí èmi ṣe ń kọ tèmi, pẹ̀lú ìrù gígùn nísàlẹ̀ bí ìrù ológbò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, ó fi ijó gbá gbogbo ewé tó wà níbi géètì. Ó gba báírò mi lọ́jọ́ náà kó lè fi han ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dá a padà.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, a wà ní ìsinmi àárín táàmù. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan ni mo wá sí ilé ìwé nítorí èsì ìdánwò tí mi ò tíì kọ tán. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé, mi ò wo apá géètì. Mo kọ orúkọ mi, mo jókòó, mo ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, mo lọ sílé. Láàárín ọ̀sán yẹn sí ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan wọlé, ó kó gbogbo kọ̀ǹpútà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ta wá lọ́rẹ. Ta ni? Mi ò mọ̀ ọ́n. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n mú Fẹ́kọ́mi. Ó ní òun ò sí níbẹ̀, pé òun wà nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Command, pé òun ò gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ni. Ẹ̀yin ará ìjọ tẹ̀ lé e lọ sí kóòtù, ẹ jẹ́rìí. Wọ́n ní ẹ ò lè ṣe kí ẹ má gbèjà ọmọ ìjọ yín. Wọ́n wá gbé fọ́tókọ́pì táìmù búùkù jáde: Fẹ́kọ́mi, ó dé ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ó lọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Olúwa mi, ó jọ ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́." Wọ́n ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé níwájú kóòtù. Ó kọ ọ́. Ó bá èyí tó wà nínú ìwé mu gẹ́lẹ́. Ọdún méje.

Bàbá Káyọ̀dé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin yẹn ò jalè. A ń jẹun lọ́wọ́, ẹ ju ṣíbí sílẹ̀, ẹ ní, "Cecilia, ọkùnrin tó dá báírò padà ló máa kó kọ̀ǹpútà?" Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa ò ní ìsinmi mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀ẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, ẹ̀ẹ́ fi nọ́ńbà sí i, èmi ni màá fi itọ́ lẹ àpòòwé. Àádọ́jọ lẹ́tà! Gọ́ọ̀mù àpòòwé ti pa adùn ọbẹ̀ lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti páálí fún wọn. Sátidé àkọ́kọ́, ọkọ mi kọ "Ẹ TÚ FẸ́KỌ́MI SÍLẸ̀" gàdàgbà gadagba sára páálí, ó lọ dúró ní oríta Ìkòtùn. Obìnrin kan dúró, ó ní, "Bàbá, ipò wo ni Fẹ́kọ́mi ń dù?" Ó ní, "Kò du ipò kankan, ẹ̀wọ̀n ló wà." Obìnrin náà ní, "Áà, kò tíì wọlé, ó ti dé ẹ̀wọ̀n! Ìrẹsì ńkọ́, ṣé ẹ ò pín ìrẹsì ni?" Ọkọ mi padà sílé, ó kọ sí abẹ́ páálí náà pé: "KÌ Í ṢE ÌBÒ. KÒ SÍ ÌRẸSÌ."

Ti aṣọ póló ńkọ́? A fún àwọn atẹ̀wé ní fọ́tò méjì: ti Fẹ́kọ́mi kí wọ́n fi síwájú aṣọ, ti ọkọ mi kí wọ́n fi ṣe káàdì ẹgbẹ́. Nígbà tí a gba aṣọ náà, ojú ọkọ mi ló wà níwájú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ALÁÌṢẸ̀ NI, Ẹ DÁ A SÍLẸ̀." Mo ní kí a dá a padà. Ó ní rárá, aṣọ ni aṣọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Ìpájà. Ọlọ́pàá kan wo àyà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire o. Ọjọ́ wo ni wọ́n dá yín sílẹ̀?" Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi ò tíì dá mi sílẹ̀."

Bí a ṣe ń jà nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, a ń jà, a ń rẹ́rìn-ín. Oṣooṣù la ń lọ kí Fẹ́kọ́mi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, èmi a se ẹ̀wà tó fẹ́ràn, ọkọ mi a ka lẹ́tà tuntun fún un. Títí di ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ọkọ mi ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, mo ní kò pọ̀, ó ní ó pọ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, kò sì parí àríyànjiyàn náà. Bàbá Káyọ̀dé, iyọ̀ ò pọ̀ o. Mo ti tọ́ ọ wò.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, mo ṣí báàgì dúdú tó ń kó ìwé ìjà náà sí. Mo fẹ́ kó wọn fún lọ́yà ni. Nínú ìwé orin rẹ̀ ni mo ti rí fọ́tókọ́pì kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ojú ewé táìmù búùkù ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni. Èmi tí mo ti ń lẹ àpòòwé láti ọjọ́ yìí, mi ò fojú kàn án rí. Orúkọ méjì péré ló wà níbẹ̀, tèmi àti ti Fẹ́kọ́mi. Mo wo ti Fẹ́kọ́mi. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó.

Ọwọ́ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí fóònù Káyọ̀dé lè gbọ́ ọ dáadáa. Èmi, Cecilia Adéríbigbé, ni mo kọ orúkọ Fẹ́kọ́mi sínú ìwé yẹn. Kò bẹ̀ mí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wá tàbí kò wá. Mo rí i pé ìlà rẹ̀ ṣófo, mo ní bóyá ó ti gbàgbé, kí ọ̀gá má lọ bá a wí, mo bá kọ ọ́, mo kọ aago tó dé, mo kọ aago tó lọ, mo jókòó ti iṣẹ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára débi pé nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti gbàgbé. Ọlọ́pàá bi mí pé ṣé mo rí i ní géètì, mo ní mi ò wo ibẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló kọ ìwé. Èmi tí mo fi àwọ̀ ewé máàkì àṣìṣe ọmọlọ́mọ fún ọdún márùnlélọ́gbọ̀n! Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo yí fọ́tókọ́pì náà padà. Ọkọ mi ti kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ déètì òní. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọjọ́ tí Cecilia máa fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ yìí ni kí n sọ fún un, kì í ṣe ṣáájú."

Ó mọ̀. Lọ́yà Ọláyẹmí ní ó ti pé ọdún méjì tí òun ti fún un ní fọ́tókọ́pì náà. Ta ló máa rí ọwọ́ mi tí kò ní mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe ẹni tí mo kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Èkìtì? Ọdún méjì ló fi ọwọ́ ọ̀tún kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tú Fẹ́kọ́mi sílẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá Káyọ̀dé, mo bínú sí yín o. Ẹ jẹ́ kí ọmọlọ́mọ máa jẹ oúnjẹ ẹ̀wọ̀n nítorí kí èmi lè gba fáànù ìdágbére? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa irọ́ fún alágbàfọ̀! Mo bínú, mo sunkún, mo gbọ́ òórùn aṣọ yín tó wà lára báàgì yẹn, mo tún bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, kí n má dá a lẹ́bi jù. Èmi náà ká ìwé yẹn padà sí mẹ́rin, mo dá a padà sínú ìwé orin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sọ fún ara mi pé oṣù kan àti díẹ̀ péré ló kù tí màá fi fẹ̀yìn tì, ta ló máa mọ̀? Ní ọjọ́ kẹwàá, mo se ẹ̀wà, mo pe lọ́yà, a lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Mo sọ ọ́ fún Fẹ́kọ́mi lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, ẹ̀yin ni?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Mo sọ fún wọn pé ó jọ ọwọ́ mi, ọwọ́ mi kọ́. Èmi fúnra mi ti fẹ́ máa rò pé orí mi ló dàrú. Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀."

Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí wọ́dà fi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá wọ́dà, ẹ wá bá mi wò ó! Tọkọtaya tó jẹ́ kí wọ́n fi mí sẹ́wọ̀n náà ló ń gbé ẹ̀wà wá fún mi lóṣooṣù!" Wọ́dà náà ní, "Ṣé ẹ̀wà náà dùn ṣá?" Ó ní, "Ó dùn." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà yí padà lójú rẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe fún un. Ó ní, "Ti kóòtù, lọ́yà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní Ìgàndó, wọ́n ń pe Testimony ní ọmọ olè. Màmá, ẹ sọ ọ́ níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Kí ìyàwó mi wà níbẹ̀." Mo ní ṣé ó dárí jì mí. Ó ní, "Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ìdí igi máńgòrò yẹn, kí n ronú sí i."

Lọ́yà ní fọ́tókọ́pì nìkan ò tó, pé kí a wá ojúlówó ìwé. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tú gbogbo ọ́fíìsì. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń fi ìwé di ẹ̀pà. Alhájà, ṣé ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì yín tó ti ń mì láti Túsìdeè? Èmi ni. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan báyìí ni wọ́n ti ìwé náà bọ̀ kó má baà wó. Mo fi bíríkì rọ́pò rẹ̀, kò ga tó ni. Níṣojú lọ́yà ni mo fi ṣí i. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run kì í sùn? Lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, báírò búlúù tó so mọ́ tábìlì ti gbẹ, tinú àpò mi ni mo fà yọ. Fọ́tókọ́pì ò mọ àwọ̀ kankan, dúdú ló sọ gbogbo rẹ̀ dà. Ṣùgbọ́n nínú ojúlówó ìwé, orúkọ méjèèjì ló rí bákan náà. Lọ́yà, gbé e sókè kí wọ́n rí i. Ẹ̀yin òbí, àwọ̀ wo nìyẹn?

Mo gbọ́. Ẹ tún un wí kí ará ẹ̀yìn gbọ́.

Àwọ̀ ewé. Ẹ ṣeun.

Lọ́yà ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní wọ́n lè fìyà jẹ mí, pé ìwé ìfẹ̀yìntì mi lè há sí ọ́fíìsì kan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n dákẹ́ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè tí màá lọ búra ní kóòtù. Mo ní, "Ọmọ mi, nínú ọgbà yìí ni mo ti kọ ọ́, nínú ọgbà yìí náà ni màá ti pa á rẹ́." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Alhájà, tí ẹ bá fẹ́ gba fáànù yín padà, òun nìyẹn nínú páálí rẹ̀, mi ò tíì tú u. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á, ooru mú ní ilé mi.

Mary, ó kù ọ́. Káyọ̀dé, di máìkì yìí mú. Mo kúnlẹ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má gbé mi dìde, mo mọ ọjọ́ orí mi. Mary, ọdún mẹ́rin ni o fi ń dá ọmọ tọ́ nítorí ìlà kan ṣoṣo tí mo kọ láìronú. Ọkọ rẹ kì í ṣe olè. Ọmọ rẹ kì í ṣe ọmọ olè. Ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀ ní Ìgàndó, ní Ìkòtùn, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ní kó wá bá mi nílé. Forí jì mí.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ má lo gbogbo ìkúnlẹ̀ yín tán síbí, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún kóòtù." Ìyàwó Fẹ́kọ́mi ni lóòótọ́! Ó dáa, ẹ wá gbé mi dìde báyìí. Ẹ rọra o, orúnkún òsì.

Ẹ̀yin tísà tó kù lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ má ṣàánú ara yín. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, ẹ lọ sọ fún ọ̀gá, ẹ bá a bẹ̀bẹ̀, ẹ bá a mú kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìlà rẹ̀ ṣófo. Ìlà tó ṣófo yẹn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà kí àwọn oníkánópì tó dé. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi ṣe èyí, ilé yín ò ní dàrú. Orúkọ yín ò ní wà níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ò sí. Ẹ ò ní jẹ̀bi ohun tí ẹ ò ṣe, èyí tí ẹ sì ṣe, Ọlọ́run á fún yín ní ẹnu láti jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wúlò. Àwọn ọmọ tí a kọ́ níbí á ju àwa tí a kọ́ wọn lọ. Ẹni tó wà ní àhámọ́ láìṣẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí fún un. Alhájà, ẹ̀yin ará Command, ẹ̀yin ará ilé mi, mo dúpẹ́, ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀ o.

Bàbá Káyọ̀dé, láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, kò sí lẹ́tà kankan. Jímọ̀ méjìlá ti kọjá lófo. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, màá búra. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá jókòó sórí àga yín, màá kọ èyí tó tẹ̀lé àádọ́jọ, màá sì máa kọ ọ́ ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan títí Fẹ́kọ́mi fi máa dé ìdí igi máńgòrò yẹn. Báírò aláwọ̀ ewé ni màá fi kọ ọ́. Orúkọ ara mi ni màá fi sí i.